Odi Harlech, àti Ẹni Tó Ń Gba Owó Ẹnu Ọ̀nà

Nígbà tí iṣẹ́ gbóná jù lọ́dún 1286, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí àpáta Harlech fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn akọ̀wé ọba kọ iye wọn sílẹ̀: lébìrà 546, àwọn tó ń to òkúta 227, àwọn tó ń fọ́ òkúta 115, alágbẹ̀dẹ 30, káfíńtà 22. Owó tó ń jáde lápò ọba lóṣù kan sún mọ́ 240 pọ́n-ùn. Etí òkun ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Wales ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tó jẹ́ pé òkè àti omi ló pọ̀ ju èèyàn lọ. Tí o bá rí ọba tó ń da irú owó bẹ́ẹ̀ sórí àpáta, má wulẹ̀ béèrè bóyá ilé ìgbafẹ́ ló ń kọ́. Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ́ ohun tí àwọn ará Wales yóò máa gbójú sókè wò láràárọ̀, kí wọ́n má baà gbàgbé pé ogun ti kó wọn.

Mo ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí kí n tó lọ wò ó. Lọ́kàn tèmi, ọ̀kan náà ni gbogbo odi ayé àtijọ́ tó wà ní Britain: òkúta, koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta idà onípákó fún ọmọdé, àti kéèkì tó wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Harlech náà ní gbogbo ìyẹn, kéèkì ibẹ̀ kò sì rọrùn rà. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Wales, ló sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín àwọn àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí n yé béèrè lọ́wọ́ òun, kí n lọ dúró lórí odi yẹn fún ìrọ̀lẹ́ kan.

Láti Birmingham, ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tó bá dé Machynlleth, wọ́n á já a sí méjì: apá kan á gba Aberystwyth lọ, apá kejì á tọ etí òkun lọ sí Pwllheli. Ẹni tó bá sùn sínú apá tí kì í ṣe tirẹ̀, ìlú onílùú ni yóò jí sí. Èdè Wales ni wọ́n fi ń kéde kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kún un, nítorí náà gbogbo àwa àlejò la nà ró tí a ń dẹ etí. Ní Barmouth, ọkọ̀ gun afárá onígi kan tó ti wà láti ọdún 1867, omi lọ́tùn-ún, omi lósì, òkè ràgàjì-ràgàjì níwájú. Ẹ fi Machynlleth sọ́kàn ná, a óò tún kàn án.

Ibùdókọ̀ Harlech wà nísàlẹ̀ àpáta. O bọ́ sílẹ̀, o gbé orí sókè, odi náà ń wò ọ́ láti orí àpáta tó ga tó bíi mítà 60. Nígbà ayé Edward, omi òkun ń dé ìsàlẹ̀ àpáta yìí. Ọkọ̀ ojú omi lè gbé ẹrù wá sí ẹnubodè kékeré kan nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn 108 ni wọ́n sì ń gùn láti ibẹ̀ dé òkè. Òkun ti fà sẹ́yìn láti ìgbà náà. Iyanrìn ló kún ibi tí omi wà, ojú irin gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n sì ń gbá gọ́ọ̀fù lójú ibi tí atukọ̀ ti ń ju ìdákọ̀ró. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé àwọn tó kọ́ odi yìí kò gbọ́n, pé kí ló dé tí wọ́n ṣe ẹnubodè sí ibi tí kò sí omi.

Mo gba Ffordd Pen Llech gòkè. Òpópónà yẹn dà débi pé lọ́dún 2019, ìwé Guinness sọ pé kò sí òpópónà tó dà tó o láyé. Àwọn ará Dunedin ní New Zealand fárí, wọ́n ní bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n kò tọ̀nà, nígbà tó sì di 2020 wọ́n gba oyè wọn padà. Orúnkún mi kò tí ì gbà pẹ̀lú Dunedin.

Kí ogun Edward tó dé, àwọn ọmọ ọba Gwynedd ló ń ṣàkóso apá àríwá Wales. Lọ́dún 1267, ọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, bàbá Edward, fọwọ́ sí i pé Llywelyn ap Gruffudd ni olórí Wales. Ọdún 15 ni ìfọwọ́sí yẹn lò. Ní oṣù Kejìlá 1282, ọmọ ogun Edward pa Llywelyn, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì gbé orí náà lọ fi han ìlú London. Àbúrò rẹ̀, Dafydd, gba ogun náà ṣe. Wọ́n mú un lọ́dún kejì, wọ́n sì pa á ní Shrewsbury, irú ikú tí n kò ní ṣàlàyé níbí torí ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́. Láàárín ikú àwọn méjèèjì ni ọ̀gágun Otto de Grandson kó ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ 560 wọ Harlech, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ya ilé náà, tó sì darí iṣẹ́ rẹ̀, ni James ti St George, ọ̀gá mọlémọlé láti Savoy, lẹ́bàá àwọn òkè Alps. Nígbà tó fi máa di 1289, Harlech ti jẹ nǹkan bí 8,190 pọ́n-ùn, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó tí Edward ná sórí odi ní Wales.

Ibi tí ọpọlọ James wà gan-an ni mo ti pẹ́ jù. Ìhà àríwá àti ìwọ̀-oòrùn, àpáta ló ń ṣọ́ wọn, kò sí ẹni tó máa gba ibẹ̀ wọlé. Ìhà ìlà-oòrùn ni ilẹ̀ ti tẹ́ díẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀tá yóò gbà wá, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo agbára ilé wà. Àkọ́kọ́, yàrà. Àwa náà mọ odi àti yàrà láti ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ni tiwa. Yàrà tèyí, inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí alágbẹ̀dẹ 30 ń ṣe níbi tí kò sí ogun lọ́wọ́: irinṣẹ́ tó ń kújú ni wọ́n ń pọ́n láti òwúrọ̀ di alẹ́. Lẹ́yìn yàrà, odi méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Ti ìta kúrú, ti inú ga, kí ẹni tó dúró lórí ti inú lè ta ọfà kọjá lórí ẹni tó dúró lórí ti ìta. Ilé ìṣọ́ rìbìtì mẹ́rin wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí kọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sá pamọ́ sí.

Ẹnubodè fúnra rẹ̀ wá ni olórí ìkà. Àwọn ilé ìṣọ́ ńlá méjì dì í mú, ọ̀nà tóóró kan sì gba àárín wọn kọjá. Ilẹ̀kùn irin mẹ́ta ni wọ́n so rọ̀ láti òkè sí ọ̀nà yẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n kàn ń já wọn sílẹ̀ ni, yàtọ̀ sí àwọn ilẹ̀kùn onígi tó wà láàárín. Ẹni tó bá já ti àkọ́kọ́ wọlé ti wọ inú àpótí: ilẹ̀kùn wà níwájú rẹ̀, òmíràn lè já lulẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ihò ọfà sì wà lára ògiri lọ́tùn-ún lósì. Mo dúró láàárín ibẹ̀. Tọkọtaya kan ń ya fọ́tò, ọmọ wọn ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè máa dún padà. Lókè orí wa, ní àjà kejì àti ìkẹta, yàrá tó dára ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibi ìdáná ńlá àti fèrèsé gbàràmù tó kọjú sínú ọgbà, nítorí pé láti ìta, kò sí fèrèsé tó tóbi ju ihò tí wọ́n ń fi pààyàn lọ. James fúnra rẹ̀ gbé ibẹ̀ nígbà tí ọba fi í ṣe olórí odi náà láti 1290 di 1293. Nínú gbogbo ayàwòrán-ilé tí mo mọ̀, díẹ̀ ló ń gbé inú iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni iye àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Nǹkan bí èèyàn 36 péré ni ọba ní kó wà níbẹ̀, mẹ́wàá nínú wọn ń lo àkàtàǹpó, àlùfáà kan, alágbẹ̀dẹ kan, káfíńtà kan, mọlémọlé kan. Ìdí ogiri tó nípọn nìyẹn: kí èèyàn kéréje lè tẹ agbègbè kan lórí ba. Nígbà tí ará Wales kan, Madog ap Llywelyn, ṣọ̀tẹ̀ sí ọba lọ́dún 1294, wọ́n kó Caernarfon, odi Edward mìíràn, wọ́n dáná sun ún, ṣùgbọ́n Harlech dúró. Ọkọ̀ ojú omi láti Írẹ́lándì ló ń gbé oúnjẹ wá sí ẹnubodè ìsàlẹ̀ tí mo sọ yẹn, wọ́n á sì rù ú gun àtẹ̀gùn 108.

Nínú ọgbà, lápá gúúsù, ìpìlẹ̀ ilé kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ kọjá láìwò ó. Gbọ̀ngán onígi kan ló wà níbẹ̀ rí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló gé igi rẹ̀. Gbọ̀ngán ààfin Llywelyn ni, ní Ystumgwern, tí kò jìnnà sí Harlech. Edward ní kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n ru pákó rẹ̀ wá, kí wọ́n tún un tò sínú odi òun. Igi kò wọ́n wọn débi tí wọ́n á fi máa ru pákó àlòkù. Ẹni tó bá pa ọba, tó ní òun fẹ́ máa jẹun nínú pálọ̀ ọba náà, ọ̀rọ̀ ló ń bá àwọn tó ṣẹ́kù sọ. Nínú gbogbo ohun tó wà ní Harlech, ìpìlẹ̀ yìí ló bí mi nínú jù. Ògiri tó ga, mo lè lóye rẹ̀, ogun ni. Èyí kì í ṣe ogun mọ́.

Ó sì yí nǹkan kan po lórí mi. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ogun ń lé ló ń gun òkè. Ẹ̀gbá fi abẹ́ Olúmọ ṣe ààbò lọ́dún 1830, àwọn ará Ìdànrè sì wà lókè wọn títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Mo ti dàgbà pẹ̀lú èrò pé òkè máa ń gbe ẹni tí ayé ń lépa. Ní Harlech, alépa ló wà lókè.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀, torí pé Owain Glyndŵr dé. Ẹ má rò pé ìpáǹle kan láti inú igbó ni. Olówó ni, ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, ó sì ti jagun rí lábẹ́ àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjà ilẹ̀ láàárín òun àti ìjòyè kan tó sún mọ́ ọba ló di ọ̀tẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án 1400, àwọn èèyàn rẹ̀ fi í joyè Ọmọ Ọba Wales. Ilé aṣòfin ní London fi òfin dá wọn lóhùn: ará Wales kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ nínú ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà kiri, wọn kò gbọdọ̀ pe ìpàdé. Irú òfin bẹ́ẹ̀, ó máa ń wá ọmọ ogun fún ẹni tí wọ́n ṣe é torí rẹ̀.

Nígbà tí Glyndŵr dó ti Harlech, àwọn tó wà nínú odi kò ní ju asà mẹ́ta lọ, pẹ̀lú akoto mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ mẹ́fà, ìbọ̀wọ́ méjì-méjì mẹ́wàá àti ìbọn mẹ́rin. Ilé tó jẹ 8,190 pọ́n-ùn, akoto mẹ́jọ. Ó bọ́ sọ́wọ́ Glyndŵr lọ́dún 1404. Ó kó ìyàwó, ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó ń dájọ́ níbẹ̀. Ní Machynlleth, níbi tí wọ́n ti já ọkọ̀ wa sí méjì, ló ti kọ́kọ́ pe ìgbìmọ̀ aṣòfin Wales jọ. Ti 1405, Harlech ni wọ́n ti ṣe é. Yàrá tí James fi fèrèsé tó dára sí ti di ibi tí olórí Wales ń gbé. Lọ́dún 1406, ó kọ lẹ́tà sí ọba Faransé. Nínú ohun tó béèrè fún, ó fẹ́ kí ìjọ Wales dá dúró, kí wọ́n sì dá yunifásítì méjì sílẹ̀, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù. Ẹni tí wọ́n ń fi òfin lé kiri ń ronú yunifásítì! Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Aberystwyth, ibi tí ìdajì ọkọ̀ wa gbà lọ, ọdún 1872 ló tó bẹ̀rẹ̀.

Ó kéré tán, ọdún mẹ́rin ló fi lo ibẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà wá, wọ́n gbé àgbá wá, òtútù àti ebi sì bá wọn ṣe iṣẹ́ tó kù. Edmund Mortimer, ọkọ ọmọ Glyndŵr, kú nínú ìdótì yẹn. Lọ́dún 1409, odi bọ́, wọ́n sì kó ìyàwó Glyndŵr, Margaret Hanmer, pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ-ọmọ lọ sí àtìmọ́lé ní London. Òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọn kò rí i mú rárá. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò tà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú ti run, ebi sì ń pa wọ́n. Lẹ́yìn nǹkan bí 1415, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìtàn tó kù, ẹ jẹ́ kí n sáré. Nígbà tí ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì méjì ń bá ara wọn jà, àwọn tó wà lẹ́yìn ìdílé Lancaster di Harlech mú láti 1461 títí di 1468, Dafydd ap Ieuan ni olórí wọn. Wọ́n ní ó fi ránṣẹ́ pé òun ti di odi kan mú rí ní Faransé títí gbogbo arúgbó obìnrin Wales fi gbọ́ nípa rẹ̀, òun yóò sì di èyí mú títí gbogbo arúgbó obìnrin Faransé fi máa gbọ́. Orin ológun tí àwọn ará Wales fi ń lé ara wọn sókè títí dòní, ìdótì yẹn ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Lẹ́yìn náà, nígbà ogun abẹ́lé Gẹ̀ẹ́sì, Harlech ló kẹ́yìn nínú àwọn odi tó dúró ti ọba. Nínú oṣù Kẹta 1647, èèyàn 44 tó ṣẹ́kù níbẹ̀ jọ̀wọ́ ara wọn. Ilé aṣòfin ní kí wọ́n wó o palẹ̀. Wọ́n wó àtẹ̀gùn inú ilé ẹnubodè, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n lọ. Ọ̀lẹ wọn la ń jẹ èrè rẹ̀ lónìí; lọ́dún 1986, UNESCO kà á mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé.

Àwọn ará ibẹ̀ kò tilẹ̀ gbà pé Edward ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn àpáta náà. Nínú ìtàn wọn àtijọ́, ọba òmìrán kan, Bendigeidfran, jókòó lórí àpáta Harlech nígbà tó rí ọkọ̀ ọba Írẹ́lándì tó ń bọ̀ wá fẹ́ Branwen, àbúrò rẹ̀. Ilé ọkọ kò rọrùn fún Branwen. Ilé ìdáná ni wọ́n fi í sí, tí alápatà ń gbá a létí lójoojúmọ́, títí ó fi kọ́ ẹyẹ kan ní ọ̀rọ̀, tó sì rán an sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bendigeidfran fi ẹsẹ̀ la òkun kọjá. Nígbà tí ọmọ ogun rẹ̀ dé odò kan tí kò ní afárá, ó na ara rẹ̀ lé e, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórí, kó ṣe afárá, wọ́n sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ère rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi láti 1984, iṣẹ́ ọwọ́ Ivor Roberts-Jones: òmìrán lórí ẹṣin, ó gbé òkú ọmọ Branwen dání.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère yẹn ni mo ti bá bàbá àgbà kan pàdé lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú odi, òun kò wọlé. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ó ní rárá, òun kò ní sanwó láti wọ ilé Edward, bàbá òun náà kò wọ̀ ọ́ rí. Ó rán mi létí ọ̀rọ̀ odi Flint, òmíràn tí Edward kọ́, lọ́dún 2017, nígbà tí ìjọba Wales fẹ́ ná 395,000 pọ́n-ùn lórí òrùka irin ràbàtà kan lẹ́bàá odi náà. Òrùka irin ni àwọn òpìtàn máa ń pe ọ̀wọ́ odi tí Edward fi yí àríwá Wales ká. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú, kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, ìjọba ti jáwọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé òrùka náà jù sódò.

Mo ní ṣùgbọ́n àsíá dírágónì pupa ti Wales ló ń fẹ́ lórí ilé ìṣọ́ níbẹ̀ yẹn, tí Edward bá rí i, inú rẹ̀ kò ní dùn. Mo ní Glyndŵr gbé inú ilé yìí. Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kí òun jẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé. Ó wá bi mí bóyá, tó bá jẹ́ ìlú tiwa, màá sanwó láti wọ ilé àwọn tó kó wa lẹ́rú.

Mo sọ ti Badagry fún un. Ilé Seriki Abass wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí kí ọkọ̀ tó dé. Àwọn ọmọ-ọmọ oníṣòwò ẹrú náà ṣì ń gbé inú ọgbà yẹn, èèyàn sì ń sanwó kó tó wọlé. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní owó náà ń lọ sọ́wọ́ ìdílé ẹni tó ta èèyàn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní tiyín sàn jù ìyẹn lọ, Cadw, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn odi yìí, ló ń gba tiyín, Cadw sì jẹ́ ti ìjọba Wales. Ilé tí Edward fi owó ara rẹ̀ kọ́, Cardiff, olú ìlú Wales, ló ń pawó lórí rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín débi tí ikọ́ fi gbà á. Ó ní òun kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá béèrè iye tí mo san lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún un. Ó ní ó ti wọ́n jù, ó sì padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.